Àtàǹpàkò Ọ̀gá àti Àrán Aláwọ̀ Wúrà

Ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ ẹ bá wọ ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè tó wà lẹ́bàá èbúté, tẹ́ ẹ rí ọkùnrin kan tó na ọwọ́ òsì sí yín láti kí yín, ẹ má bínú, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ ọ nílé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni, kò ráyè ìkíni.

Ọ̀gá Àtàǹpàkò là ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ lórúkọ náà, àwa kàn bá a gbé e ni. Bí inú rẹ̀ bá wá dùn, á fi oríkì tì í lẹ́yìn: "Àtàǹpàkò kì í purọ́! Afọwọ́kàn-mọ-ilé-òwú! Ọkọ àrán, àna sẹ́dà! Ojú lè ṣì í rí, ìwé lè ṣì í kọ, àtàǹpàkò ò ṣìṣe!" Ẹni tó ń ki ara rẹ̀, ta ló fẹ́ ní kó dákẹ́?

Iṣẹ́ rẹ̀ ò le láti ṣàlàyé. Gbogbo ẹrù tó bá gba orí omi wọlé, ìjọba ní ìwé ńlá kan tó pín wọn sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹrù rẹ bá bọ́ sí ló máa sọ owó bodè tí wàá san. Bí wọ́n bá pe ewúrẹ́ rẹ ní ẹṣin, owó ẹṣin lo máa san, ewúrẹ́ náà lo sì máa fà lọ sílé. Ní yàrá ìsọ̀rí aṣọ, Ọ̀gá Àtàǹpàkò ló ń sọ èyí tó jẹ́ ewúrẹ́ àti èyí tó jẹ́ ẹṣin.

Ìwé ńlá náà ńkọ́? Ó wà. Ẹsẹ̀ kan lára tábìlì Ọ̀gá kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ, ìwé náà ló sì kì bọ̀ ọ́ lábẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. "Ìwé wà fún ẹni tí ò ní àtàǹpàkò," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Àtàǹpàkò ọ̀tún náà ńkọ́? Ìpara méjì ló ń lò, tàárọ̀ ọ̀tọ̀, tìrọ̀lẹ́ ọ̀tọ̀. Bí òtútù bá mú, á fi áńkáṣíìfù wé e bí ọmọ tuntun. Kò gbọdọ̀ kan epo, kò gbọdọ̀ kan tàdáwà, kò sì gbọdọ̀ kan iṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń ṣe é. Òfin ní kí wọ́n gé àpẹẹrẹ tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan lára aṣọ tó bá wọlé, kí wọ́n kó o sínú àpò ìwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kó wà nípamọ́ nítorí àríyànjiyàn. Àtẹ́lẹwọ́ kan péré. Ọ̀gá ní àwọn tí ò mọ aṣọ ló kọ òfin yẹn.

"Àtàǹpàkò mi kì í ṣe eèrà," á wí fún àwọn oníṣòwò. "Kò lè ronú lórí ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ó fẹ́ rìn, ó fẹ́ yí padà, ó fẹ́ sinmi díẹ̀. Ọ̀pá mẹ́rin."

Ẹni tó bá gé ọ̀pá mẹ́rin, kíá ni àtàǹpàkò á mọ ohun tí aṣọ rẹ̀ jẹ́, nọ́ńbà tí owó rẹ̀ dẹ̀ ni yóò fún un. Ẹni tó bá kùn, á gbọ́ pé àtàǹpàkò ṣì ń ronú. Bó bá ṣe ń ronú lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìdì aṣọ ń jókòó sí ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí òrùlé ti ń jò. Àwọn ẹlẹ́nu dídùn ibẹ̀ ní Ọ̀gá ti sọ iṣẹ́ aṣọ́bodè di iṣẹ́ aláṣọ bodè.

Ẹ bá mi dé ilé rẹ̀ wò. Aṣọ fèrèsé, àpẹẹrẹ ni. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, àpẹẹrẹ. Ìbora àga, ìbora tìmùtìmù, ìbora ìjókòó ọkọ̀, títí kan èyí tí wọ́n fi bo ìdérí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, àpẹẹrẹ.

"Dádì," ìyàwó rẹ̀ wí lọ́jọ́ kan, "bí àwọn tó ni aṣọ inú ilé yìí bá ní kálukú ń bọ̀ wá gba tiẹ̀, ìhòòhò la máa fi ṣàlejò wọn o."

"Ìyàwó mi, ìmọ̀ ni mo fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́," Ọ̀gá dáhùn. Ìyàwó gbé bàsíà tó fi ń fọṣọ, ó lọ fọ ìmọ̀.

Ó wá di ọjọ́ Ajé kan, ìdì aṣọ mẹ́fà wọlé, ti obìnrin kan tó ń rán aṣọ ọmọ tuntun. Ìyá Aláṣọ-Ọmọ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, àwọn obìnrin márùn-ún ń bá a rán aṣọ níbẹ̀, ilé ìwòsàn ìgbẹ̀bí sì ti gbé iṣẹ́ fún un: aṣọ ìsùn àti aṣọ tí wọ́n fi ń wé ọmọ, kó kó wọn dé kí oṣù tó tán. Bí ọjọ́ bá fi lé, iṣẹ́ á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, àwọn obìnrin márùn-ún náà á sì dilé lọ. Ó ti wọn aṣọ náà gẹ́lẹ́. Ìwọ̀n tó rà, ìwọ̀n tó fẹ́ rán.

Aṣọ náà rọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ jòjòló. Aláwọ̀ ìyeyè ni, torí àwọ̀ yẹn kì í yan ọkùnrin, kì í yan obìnrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá ṣí ìdì àkọ́kọ́, tí oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé bà á, ìyeyè kọ́ ló rí. Wúrà ló rí. Ó fi àtàǹpàkò rin orí irun aṣọ náà lọ, ó rìn ín bọ̀, ó di ojú.

"Àrán!" ó mí kanlẹ̀. "Àrán ọba! Àrán tí wọ́n fi ń bo ìtẹ́!"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe àrán," Ìyá Aláṣọ-Ọmọ sọ jẹ́jẹ́. "Aṣọ abẹ́rẹ́ ni. Òfì ni wọ́n fi ń hun àrán, òwú kan á dúró lóòró, òmíì á dábùú rẹ̀. Eléyìí, ńṣe ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ kọ́ òwú wọnú òwú bíi ti ìbọ̀sẹ̀, kí wọ́n tó gé irun orí ẹ̀. Irun ló jọra, ara ò jọra. Ẹ fà á wò, á nà."

"Kí n fà á?" Ọ̀gá la ojú. "Ìwọ obìnrin yìí, dókítà á máa fa aláìsàn ni? Èmi kì í fa aṣọ. Èmi ń gbọ́ ọ."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: àrán híhun, ti òwú. Owó bodè àrán sì fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti aṣọ abẹ́rẹ́ lọ. Ó gé ọ̀pá mẹ́rin tirẹ̀ láì bèèrè. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n o mọ̀, àtàǹpàkò lè ní ìrònú kejì. Ìrònú kejì, ọ̀pá mẹ́rin míì ni."

"Ọ̀gá, bí mo bá tún gé mẹ́rin, ọmọ mẹ́jọ á wà láìní aṣọ."

"Wọ́n bí wọn níhòòhò, àbí wọn ò bí wọn níhòòhò? Wọ́n ti mọ̀ ọ́n lára."

Ìyá Aláṣọ-Ọmọ wò ó. Ó ní òun ò gé nǹkan kan, òun á kọ̀wé ẹ̀hónú. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ó dáa, kó máa kọ̀wé, ṣùgbọ́n òun ti gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù, kó wá buwọ́ lù ú. Nígbà tí obìnrin náà mú bíírò, Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ní ọ́fíìsì tèmi, ẹni tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀ kì í fi bíírò buwọ́ lùwé. Bíírò lè purọ́. Àtàǹpàkò ọ̀tún ni. Òfin tí èmi fọwọ́ ara mi ṣe nìyẹn."

Ó ti páàdì tàdáwà sí i. Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú kirimú. Ó bèèrè nǹkan tí òun lè fi nù ún, nínú yàrá tí aṣọ kún dé àjà.

"Fẹnu fẹ́ ẹ," Ọ̀gá wí, ó ti kọjú sí wúrà rẹ̀ padà. "Á gbẹ."

Ọ̀gá ò tilẹ̀ rántí obìnrin náà mọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ohun tó gbà á lọ́kàn ju ìyẹn lọ. Wọ́n ń wá Olórí Ìsọ̀rí Ẹrù fún gbogbo ibodè, ẹni tí yóò máa jókòó ní olú iléeṣẹ́, tí aṣọ, irin, ike àti oògùn yóò máa kọjá níwájú rẹ̀. Ọ̀gá ti ń fọkàn wo ilé tuntun. Alága ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá wo àwọn tó tọ́ sí ipò náà, òun náà sì gbọ́dọ̀ múra bí ẹni tó tọ́ sí i. Ó gbé ọ̀pá mẹ́rin tó gé lára aṣọ Ìyá Aláṣọ-Ọmọ, ó di ọ̀dọ̀ télọ̀ pé kó fi rán kóòtù fún òun.

Télọ̀ yìí, àgbà iṣẹ́ ni. Ó tú aṣọ náà, ó dì í létí méjèèjì, ó fà á.

"Ọ̀gá, aṣọ yìí ń nà o."

"Kò nà. Àrán kì í nà."

"Ẹ wò ó fúnra yín. Irú aṣọ báyìí, abẹ́rẹ́ tí ẹnu ẹ̀ kú ni wọ́n fi ń rán an, kó lè yà fún òwú. Bí mo bá fi ẹlẹ́nu ṣóńṣó rán an, á máa gún òwú já lábẹ́lẹ̀. Á kọ́kọ́ pa mọ́, ṣùgbọ́n bó bá yá..."

"Télọ̀, abẹ́rẹ́ wo lo fi ń rán àrán?"

"Ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni, sà."

"Kí ni mo pe aṣọ yìí?"

"Ẹ pè é ní àrán."

"Kí ló wá kù? Kí kóòtù náà fún mi mọ́ra dáadáa. Mo fẹ́ kí Alága rí àyà."

Télọ̀ gbójú sókè, ó gbójú sílẹ̀. Ẹni tó ni aṣọ ló ni ọ̀rọ̀. Ó mú abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ó rán kóòtù náà mọ́ Ọ̀gá lára débi pé àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan ṣoṣo tó lè gba abẹ́ rẹ̀ ni síńgílẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀gá gbé kóòtù kọ́ sórí ìkọ́ nínú yàrá, ó ń lọ wò ó láràárọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyàwó rẹ̀ dúró tì í.

"Dádì, ó dà bíi pé kóòtù yìí ń dàgbà."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Apá ẹ̀ ti gùn sí i. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e dé, ọrùn ọwọ́ ló mọ. Ẹ wá wọ̀ ọ́ wò."

"Àrán kì í dàgbà," Ọ̀gá sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka òfin. "Ìwọ lò ń kúrú."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni lẹ́tà dé. Ìwé ẹ̀hónú Ìyá Aláṣọ-Ọmọ ti dé olú iléeṣẹ́. Alága tó ń bọ̀ wá wo ẹni tó tọ́ sí ipò náà ni yóò kúkú gbọ́ ẹjọ́ náà, lọ́jọ́ kan náà, ní gbangba, níwájú àwọn oníṣòwò. Kí Ọ̀gá gbé àpò ìwé tí àpẹẹrẹ wà nínú rẹ̀ kalẹ̀. Ìdì aṣọ fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ èdìdì, òfin ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u kí ìdájọ́ tó wáyé.

Àpẹẹrẹ wo? Ó wà lórí ìkọ́, ó ní bọ́tìnnì mẹ́ta.

Ọ̀gá jókòó sórí àga nílé, ooru mú un. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo tìmùtìmù tó fara tì. Ó tún un wò. Àrán ni wọ́n fi bò ó, àrán gidi tí wọ́n fòfì hun, aláwọ̀ ìyeyè tó ti ṣá díẹ̀. Lójú ẹni tí ò bá fara balẹ̀, ìbejì ni òun àti kóòtù. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé e ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́sàn-án tó máa gé àpẹẹrẹ ní ìwọ̀n tí òfin wí, ti tìmùtìmù ara rẹ̀ ló sì gé. Ó fi sínú àpò ìwé, ó fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ pa, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ti lu tìmùtìmù náà jálẹ̀," ó ní.

"Iṣẹ́ ìjọba ni."

"Kóòtù yẹn ńkọ́? Ẹ ò ṣáà ní wọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ọlọgbọ́n èèyàn ì bá ti dáná sun kóòtù náà tàbí kó rì í mọ́lẹ̀. Ọ̀gá wọ̀ ọ́, ó lọ síwájú dígí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Wúrà ń kọ mànà. Ó fọkàn rí Alága tó ń wò ó, ó rí àga tuntun ní olú iléeṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè bọ́ ọ.

"Ta ló máa mọ̀?" ó ní. "Àwọn tó mọ aṣọ níbí, èmi nìkan ni."

Yàrá ìsọ̀rí ni wọ́n ti gbẹ́jọ́, torí òun ló fẹ̀ jù. Àwọn oníṣòwò kún bẹ́ǹṣì, àwọn kan dúró lẹ́bàá ògiri. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tí ò tíì fi ọ̀pá mẹ́rin bọ́ àtàǹpàkò rí. Ìyá Aláṣọ-Ọmọ jókòó níwájú, àwọn obìnrin rẹ̀ márààrún tẹ̀ lé e, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló sì kù kí oṣù tó tán. Alága jẹ́ ìyá àgbà kan tó kéré lára, tó so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn lọ́rùn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé kálukú ní láti dákẹ́ kó tó gbọ́ ọ.

Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú kóòtù tuntun náà lọ́rùn. Apá kóòtù náà méjèèjì ti gùn bo ìka. Ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ló ń ká a sókè kí àtàǹpàkò lè yọjú, ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni apá ẹ̀wù náà ń sọ̀kalẹ̀ wá bò ó bí ẹni tó ń tijú fún un.

"Kóòtù yín mà dára o," Alága wí.

"Àrán ni, Mà," Ọ̀gá tẹríba. "Èmi kì í wọ nǹkan míì."

Wọ́n já àpò ìwé. Alága mú àpẹẹrẹ, ó fà á lóòró, ó fà á ní ìbú. Kò nà. Ó tú etí rẹ̀ wò. Òwú kan dúró, òmíì dábùú.

"Màmá," ó sọ fún Ìyá Aláṣọ-Ọmọ, "àrán nìyí o. Òfì ni wọ́n fi hun ún."

Ìyá Aláṣọ-Ọmọ dìde, ó sún mọ́ tábìlì, ó wò ó. "Mà, àrán ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ tèmi nìyí. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ẹ ò rí i! Ibi tí Ọ̀gá ti ń dúró dè é gan-an nìyẹn. Ó fò dìde.

"Ẹ gbọ́ ọ! Ó ń pè mí lólè! Mà, láti ọdún mẹ́sàn-án, kò sí aṣọ tó wọ ibodè yìí tí ò gba abẹ́ àtàǹpàkò mi kọjá. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé: aláwọ̀ wúrà onírun báyìí, ó kù ibi tó tún wà! Kò wọ̀lú yìí rí! Ti inú ìdì obìnrin yìí ni àkọ́kọ́, òun náà ni ìkẹyìn. Bí ẹ bá rí aṣọ aláwọ̀ yìí níbikíbi nílùú yìí, tiẹ̀ ni!"

Gbogbo yàrá dákẹ́. Ọ̀gá kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ wọ́n lára. Ìgbà tó yá ló rí i pé kò sẹ́ni tó ń wo ojú òun. Àyà òun ni wọ́n ń wò.

"Ọ̀gá," Ìyá Aláṣọ-Ọmọ bèèrè jẹ́jẹ́, "níbo lẹ ti rí kóòtù yẹn?"

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Ọ̀gá wo àyà ara rẹ̀.

"Kóòtù? Kóòtù wo? Hẹn-ẹn, èyí! Mà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Eku ló pọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa. Mo wá ní kí àpẹẹrẹ ìjọba má baà bàjẹ́, kí n kúkú máa fara mi ṣọ́ ọ."

"Pẹ̀lú bọ́tìnnì?" Alága bèèrè.

"Kó má baà sá lọ ni, Mà."

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ́. Alága gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. "Èyí tó wà nínú àpò ìwé ńkọ́? Níbo ló ti wá?"

"Ìyẹn... ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mà."

Ó rí i pé ilẹ̀ ti ń yọ̀. Ó ní bí òun bá tiẹ̀ ṣìṣe níbòmíì, òun ò ní ṣìṣe lórí iṣẹ́. Ó ká apá kóòtù sókè, ó na àtàǹpàkò ọ̀tún sí àjà, ó ké: "Àrán ni mo pè é, àrán náà ni! Àtàǹpàkò kì í pu..."

Nǹkan kan dún lábẹ́ abíyá rẹ̀. Tẹ́.

Kò pọ̀, ihò tó lè gba ẹ̀wà kan ni. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ìyá Aláṣọ-Ọmọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ Alága, ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ìka méjì mú orí òwú tó yọ jáde.

"Mà, bí ẹ bá fa òwú kan lára àrán, ìyẹn nìkan ló máa jáde. Ẹ wo aṣọ abẹ́rẹ́."

Ó fà á. Òwú tẹ̀ lé òwú, wọ́n ń tú ní kọ̀ọ̀kan, ihò náà ń gùn sísàlẹ̀, ó fi abíyá sílẹ̀, ó dé ìhà, ó dé ìbàdí, ó ń fi òwú sílẹ̀ lẹ́yìn bí igi àkàbà. Ọ̀gá ń yí po kó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe ń yí ló tún ń bá a tú u. Nígbà tó fi máa dúró, ẹ̀gbẹ́ kan kóòtù ti ṣí sílẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì sì ń kí àwọn èèyàn.

"Ó tó," Alága wí. "Ọ̀gá, ẹ bọ́ kóòtù yẹn. Òun ni àpẹẹrẹ ẹjọ́ yìí báyìí. Ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé e."

Ó bọ́ ọ. Ó dúró ní síńgílẹ́ẹ̀tì àti táì, ó fọwọ́ bo àyà tó fẹ́ kí Alága rí. Ọkùnrin oníṣòwò kan nà ró lẹ́yìn.

"Ẹ dúró ná! Ṣòkòtò yẹn! Tèmi nìyẹn, lọ́dún méjì sẹ́yìn!"

"Táì yẹn, tèmi ni!" ẹlòmíì ké.

"Ẹ jọ̀ọ́," Alága ní, "ẹ jẹ́ kó bá nǹkan kan lọ sílé." Ó yíjú sí akọ̀wé ọ́fíìsì, obìnrin kan tó ti bá Ọ̀gá ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ẹ gbé ìwé ìsọ̀rí wá."

Akọ̀wé mí kanlẹ̀. "Mà, ó wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ìwé náà yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Tábìlì Ọ̀gá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ife ìpara méjèèjì yọ̀ lọ sílẹ̀, páàdì tàdáwà náà yọ̀, ó dúró gẹ́rẹ́ létí tábìlì níwájú rẹ̀. Alága gbọn eruku ìwé, ó ṣí i, ó gbé e fún Ọ̀gá.

"Ẹ kà á sókè. Nọ́ńbà tí kóòtù yín bọ́ sí."

Ọ̀gá wá a títí. Ẹni tí ò ṣí ìwé fún ọdún mẹ́sàn-án, ìwé náà ò ní dá a mọ̀. Akọ̀wé ló fi ìka hàn án. Ó kà á wúyẹ́wúyẹ́: "Aṣọ onírun... tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kọ́... ti òwú."

"Ẹ gbé ohùn sókè, sà, a ò gbọ́ lẹ́yìn!"

"Ti òwú!"

Alága kọ ìdájọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀: kí wọ́n tú èdìdì ìdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́jọ́ náà, ní owó bodè aṣọ abẹ́rẹ́, kí Ọ̀gá sì fún obìnrin náà ní ọ̀pá mẹ́rin tuntun látinú àpò ara rẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ipò Olórí Ìsọ̀rí, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn fa igi lé orúkọ kan nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin márùn-ún náà ti dìde, ọ̀kan ń sunkún, òmíì ń ti àwọn tó kù jáde pé iṣẹ́ ti pẹ́, kí wọ́n lọ gbé ẹ̀rọ síta.

Ó wá ku ìwé ẹrù tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé. Akọ̀wé kọ ọ́: kóòtù kan, ó ti tú. Ọ̀gá na ọwọ́ òsì.

"Ẹ fún mi ní bíírò."

"Ọ̀gá," akọ̀wé ní, ojú rẹ̀ ò sì rẹ́rìn-ín rárá, "ẹni tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀ kì í fi bíírò buwọ́ lùwé ní ọ́fíìsì yìí. Ẹ̀yin lẹ ṣe òfin ọ̀hún. Àtàǹpàkò ni."

Ó na tòsì.

"Tọ̀tún, sà."

Ó wo Alága. Alága wo ìwé. Ó yọ áńkáṣíìfù tó fi ń wé àtàǹpàkò jáde nínú àpò ṣòkòtò, akọ̀wé gba áńkáṣíìfù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àpẹẹrẹ lèyí náà, ó kó o mọ́ kóòtù. Ọ̀gá ti ìka bọ tàdáwà. Ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, gbogbo ilà rẹ̀ jáde ketekete, kò sí èyí tó purọ́.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, àtàǹpàkò dúdú kirimú nà sókè níwájú síńgílẹ́ẹ̀tì funfun. Aṣọ kún yàrá náà dé àjà, gbogbo rẹ̀ ló sì ní olówó tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń wò ó. Kò sí èyí tó lè fi nu ìka.

Ìyá Aláṣọ-Ọmọ ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ fẹnu fẹ́ ẹ, Ọ̀gá," ó ní. "Á gbẹ."